Ẹni Tí Kò Ní Ojúlé

Lábẹ́ afárá ní Ìdó, nítòsí ibi tí àwọn onímọ́tò òkè Ọya ti ń pe èrò, ó ní bí wọ́n ṣe máa ń ta fóònù fún àlejò. Ọmọkùnrin kan á sún mọ́ ọ, á fi fóònù hàn ọ́ lábẹ́ aṣọ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé bọ̀. Fóònù gidi ni. Á jẹ́ kí o tàn án, kí o tẹ nọ́ńbà, kí o gbọ́ ohùn ẹni tó gbé e. Ẹ ó dúnàádúrà títí owó á fi ja. Bí o bá ṣe ń ka owó lọ́wọ́ ni ẹnì kan á pariwo lẹ́yìn yín. O wẹ̀yìn wò fìrí, òun ti di fóònù sínú ọ̀rá, ó ti fi lé ọ lọ́wọ́, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó di ilé kí o tó tú u. Fùfú lo máa bá níbẹ̀, tàbí ọṣẹ ìfọṣọ tí wọ́n gé ní ìwọ̀n fóònù. Kò sí ọmọ Èkó tí kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Àlejò sì ń bọ̀ lójoojúmọ́.

Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń ta níbi tí kò sí fùfú, tí kò sí ọ̀rá, tí kò sí afárá. Eré kan wà tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2001, RuneScape lorúkọ rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń gé igi, wọ́n ń wa irin, wọ́n ń pẹja, wọ́n ń rọ ìhámọ́ra, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn. Owó inú eré ni wọ́n fi ń san án. Bí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, fèrèsé kan á ṣí, oníkálukú á kó ohun tó mú wá sí apá tirẹ̀. Oníjìbìtì á gbé ojúlówó síbẹ̀, á ní ó ku nǹkan kan, á kó o kúrò, á wá fi èyí tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ojú ń kán á ti tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Àwọn tó ni eré náà ní láti fi fèrèsé kejì kún un, kí ènìyàn lè tún ọjà wò kó tó jẹ́wọ́ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ìyẹn kò dá wọn dúró. Àwọn kan ní àwọn mọ bí wọ́n ṣe ń fi wúrà ṣe etí ìhámọ́ra, pé kí o kó tìrẹ wá, ọ̀fẹ́ ni. Kò sí irú iṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀ nínú eré náà rárá. Àwọn mìíràn á dúró lójú ọjà, wọ́n á máa kéde pé mú owó wá kí n sọ ọ́ di méjì. O mú kékeré wá, wọ́n sọ ọ́ di méjì lóòótọ́. O tún mú díẹ̀ sí i, ó tún di méjì. O wá lọ palẹ̀ gbogbo ohun tí o ti fi oṣù àti ọdún kó jọ mọ́, o gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ó tán.

Kí ẹ má rò pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bí ìyẹn. Àwọn asọwó-di-méjì ti wà ní Èkó kí ẹnikẹ́ni níbí tó gbọ́ orúkọ kọ̀ǹpútà. Jìbìtì orí lẹ́tà náà ti wà. Ní 1920, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí ní ẹ̀ka ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, P. Crentsil lorúkọ rẹ̀, ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ sí Gold Coast. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ìyanu, ó ń ka oríṣiríṣi agbára tó ní lẹ́sẹẹsẹ, bí ẹni tó gbà á gbọ́ bá lè san owó. Ní 1921, ọlọ́pàá gbé e dé ilé ẹjọ́, abala 419 ìwé òfin ọ̀daràn sì wà lára ohun tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Adájọ́ kìlọ̀ fún un lórí ẹ̀sùn kan, ó dá a sílẹ̀ lórí méjì nítorí pé ẹ̀rí kò kúnjú. Ó lọ sílé. Ẹni tó jókòó sí Gold Coast tó ń ka lẹ́tà rẹ̀ kò mọ irú ẹni tó kọ ọ́, kò mọ ilé rẹ̀, kò mọ ìyá tó bí i. Orúkọ àti ọwọ́ ìkọ̀wé nìkan ló rí.

Ọdún 1921 yẹn kan náà ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jáde, lẹ́yìn tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ti tún un tò nítorí pé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì di àwátì. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí àwọn bàbá wa ṣe ń gba gbèsè. Bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, olówó á bẹ ológò. Ológò kì í bá ọ jà ní ìta. Inú ilé rẹ ló ń wọ̀. Á jókòó ti ọ̀ọ̀dẹ̀, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, á mú adìyẹ tó bá wù ú nínú àgbàlá, á máa pariwo orúkọ rẹ kí àdúgbò gbọ́. Gbogbo agboolé ni yóò ni lára. Kí ó tó pẹ́, àwọn ẹbí á ti dá owó jọ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Àwọn oṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ àwìn náà mọ ọ̀nà yìí: wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó di ìgbà tí wọ́n bá rí owó kí wọ́n tó dìde.

Ohun tó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ kì í ṣe agbára ológò. Ilé ni. Onígbèsè ní ilé, ó ní ìyá, ó ní ìyàwó tí ojú ń tì níwájú orogún. Ẹni tí kò bá ní ojúlé, ológò kò níbi tí yóò jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ wa ní Ìdó, ní Òtò, ní Yábàá, ní Sùúrùlérè àti Muṣin ń bá ẹni tí kò ní ojúlé ṣòwò láti àárọ̀ di alẹ́, orí eré ni wọ́n sì ti ń ṣe é.

Mo ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹrù rélùwéè ní Ìdó, nígbà tí èrò ṣì ń kún ibẹ̀ dẹ́nu. Láti Ìdó ni ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 1901, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí afárá Carter tó so wá mọ́ Èkó. Nígbà tèmi, lẹ́jà ńlá kan wà lórí tábìlì, èèpo rẹ̀ ti já, wọ́n ti fi okùn so ó pọ̀. Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́, ojúlé rẹ̀, ẹni tó máa gbà á, ibùdókọ̀ tó ń lọ, bí ó ṣe wúwo tó, gbogbo rẹ̀ là ń kọ síbẹ̀. Obì inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ewé tútù tẹ́ ni yóò máa lọ sí Kano, tí omi yóò máa kán lára rẹ̀ sórí ìwé mi. Bí ẹnì kan bá wá gba ẹrù tí kò mú ìwé dání, ìbéèrè kan là ń bi í: ta ló mọ̀ ọ́ níhìn-ín? Kó búra, kó sunkún, ìyẹn kò kàn wá. Á lọ mú ẹnì kan wá tó ní ìsọ̀ lọ́jà tàbí òṣìṣẹ́ tí a mọ ojú rẹ̀, onítọ̀hún á sì fọwọ́ síwèé lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú rú lọ́la, ìsọ̀ onídùúró là ń lọ. A kì í wá àlejò kiri.

Ó ní ìkà tirẹ̀ nínú. Mo rí ẹni tó padà lọ́wọ́ òfo nítorí pé kò sí ẹni tó dúró fún un, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ẹrù lóòótọ́. Ó máa ń dùn mí. Síbẹ̀, n kò mọ ọ̀nà mìíràn tí à bá fi ṣe é.

Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń lọ sí Ìbàdàn ti ń gbéra ní Alágómejì, Ìdó sì ti dákẹ́. Àwọn onímọ́tò òkè Ọya ṣì ń bá a lọ ní tiwọn. Bí o bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́, wọ́n á kọ nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ awakọ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ fún ọ, ọ̀gá gáréèjì sì mọ ilé tí awakọ̀ náà ń sùn.

Ọmọ ọmọ mi kan ló jẹ́ kí n mọ̀ pé irú lẹ́jà bẹ́ẹ̀ ti wà lórí eré. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó fẹ́ ra àkáǹtì eré ìbọn kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi. Ẹni tó ti pẹ́ lórí eré yìí á ti ní ìbọn àti aṣọ tí ilé iṣẹ́ kò tà mọ́. Ìbọn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ènìyàn lọ. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń dán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ni aṣọ ẹbí ń ṣe tí aṣọ tó wà nílé kò lè ṣe? Nítorí náà, àkáǹtì tó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní iye tó tó. ₦40,000 ni wọ́n jọ fẹnu kò sí.

Àwọn ọmọ náà kò gọ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí olùrà bá kọ́kọ́ sanwó, olùtà lè sá. Bí olùtà bá kọ́kọ́ fi àkáǹtì sílẹ̀, olùrà lè sá. Wọ́n wá yan alárinà, MM ni wọ́n ń pè é. Á gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń rà, á gba àkáǹtì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù, á wá fi ti oníkálukú lé e lọ́wọ́. Owó díẹ̀ ni tirẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, orí mi wú. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn, wọ́n ti dé ìdí onídùúró.

Ibẹ̀ gan-an ni gbájúẹ̀ lúgọ sí. Ẹnì kan kọ̀wé sí i lórí WhatsApp pé òun ni MM. Àwòrán kan náà, orúkọ kan náà, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀. Ọmọ sanwó. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, MM ti dí i pa, olùtà náà ti dí i pa. Nígbà tó yá ni a gbé orúkọ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú fóònù. Ti ojúlówó parí síbi tó parí sí. Èkejì ní ààmì tóótó kan lẹ́yìn lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Mo ní láti nu jígí ojú mi kí n tó rí i. Ó fi screenshot tí àwọn ènìyàn ti yin MM náà hàn mí, ó lọ súà. Vouch ni wọ́n ń pe ìyẹn. Mo ní kó ka orúkọ àwọn tó jẹ́rìí fún mi. Ó kà á títí, kò mọ ẹyọ kan nínú wọn sójú. Ẹlẹ́rìí tí ìwọ náà kò mọ̀, olùjẹ́jọ́ lè ti joyè ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ ní ìgbà ogún.

Ó tún ní èyí tí MM gidi pàápàá kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Olùtà á gbowó, á fi àkáǹtì sílẹ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ á kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni eré pé wọ́n jí àkáǹtì òun, á fi rìsíìtì àtijọ́ ṣe ẹ̀rí, wọ́n á sì dá a padà fún un. Ilé iṣẹ́ kò jẹ̀bi: òfin ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé àkáǹtì kì í ṣe títà. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kò sì lè lọ fi ara rẹ̀ sùn níbẹ̀. Áláàtì òfegè tún wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò jẹ́ tuntun sí ẹnikẹ́ni tó ń tajà ní Oyíngbò.

Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ojúgbà mi, wọ́n á ní eré ni, kí ni wọ́n jí? Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní orílẹ̀-èdè Netherlands ti dá wọn lóhùn. Ní 2007, àwọn ọmọkùnrin méjì lu ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan, wọ́n fi ọ̀bẹ halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní kó wọ àkáǹtì RuneScape rẹ̀ kó sì kó ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan àti ìbòjú kan lé àwọn lọ́wọ́. Ohun inú eré ni méjèèjì. Agbẹjọ́rò wọn ní nǹkan tí kò ṣeé fọwọ́ kàn kò ṣeé jí. Ní January 2012, ilé ẹjọ́ náà ní ó ṣeé jí: ọmọ náà fi àkókò àti làálàá wá a, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìdájọ́ àgbà nìyẹn lójú tèmi. Owó tó wà ní báńkì mi, nọ́ńbà lójú fóònù lòun náà jẹ́. Ẹ dán an wò kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀.

Àwọn kan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. Eré kan ń jẹ́ EVE Online, ilé iṣẹ́ CCP ní Iceland ló ni ín, láti 2003. Àwọn onílé eré náà gbà pé jìbìtì láàárín àwọn tó ń ṣe é wà lára eré: bí wọ́n bá rẹ́ ọ jẹ, kí o gbọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Àwọn tó ń ṣe é dá báńkì sílẹ̀ nínú rẹ̀, EBank, wọ́n ń gba owó pamọ́, wọ́n ń yáni lówó. Ní 2009, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá báńkì náà, Ricdic lorúkọ rẹ̀ nínú eré, kó bílíọ̀nù 200 owó inú eré, ó tà á fún nǹkan bíi dọ́là 6,300 ti Ọsirélíà. Ó ní gbèsè ìtọ́jú ọmọ òun àti owó ilé ló sún òun dé ibẹ̀. Àwọn tó ní owó níbẹ̀ sáré lọ gba tiwọn, bí ènìyàn ṣe ń sáré ní ibi gbogbo tí báńkì bá ti mì. CCP lé e jáde. Kì í ṣe nítorí olè. Nítorí pé ó ta owó eré ní owó gidi ni.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí lọ, mo rò ó bọ̀. Bí gbogbo wa bá mọ̀ pé ìta gbájúẹ̀ la jókòó sí, tí ayò náà kò sì kọjá ojú ọpọ́n, n kò ní ẹ̀sùn kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó inú eré bá ti lè san owó ilé, ọpọ́n ti fọ́ nìyẹn. Ẹni tó ni ilé eré kò lè máa jẹ èrè ọjà, kó sì ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà kò kan òun. Aláàfin kì í gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìlú tí kò gbèjà.

Àwọn tó fẹ́ gbèjà náà, ọwọ́ wọn máa ń le jù nígbà mìíràn. RuneScape fagi lé òwò òmìnira ní December 2007 nítorí àwọn tó ń ta owó eré ní owó gidi, tí wọ́n sì ń fi káàdì báńkì ẹlòmíràn ṣe é. Wọ́n ti ọjà pa nítorí olè. Ó di February 2011, lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kí àwọn tó ń ṣe eré dìbò, kí wọ́n tó ṣí i padà. Steam, ọjà eré kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n díẹ̀. Ní December 2015, ilé iṣẹ́ Valve tó ni ín sọ pé nǹkan bí àkáǹtì 77,000 ni wọ́n ń já gbà lóṣooṣù, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tí kò bá fi fóònù rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ló ń ta nǹkan, ọjà rẹ̀ á dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé ọwọ́ ẹni tó gbà á. Èmi fara mọ́ ìyẹn. Kò sí gbájúẹ̀ tí mo rí rí ní Ìdó tó fẹ́ kí o lọ sílé lọ rò ó.

Nínú gbogbo rẹ̀, ohun kan wà tí àwọn ọmọ wa kò kà sí. Orí eré, oníjìbìtì kò ní ojúlé. Ṣùgbọ́n owó tó gbà, náírà ni, àkáǹtì báńkì ló sì gbà á sí. Láti 2014 tí Báńkì Àpapọ̀ ti gbé BVN jáde, àkáǹtì báńkì ti so mọ́ ìka ọwọ́ àti ojú ènìyàn kan. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló yá a lò. Ẹni tó yá a náà ní ìyá. Òfin Cybercrimes Act ti 2015 wà, ọlọ́pàá náà ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ní torí ₦40,000 gbéra láti Abuja. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba ti ọmọ ọmọ mi, mélòó ló gbà lọ́sẹ̀ yẹn? Bí ogún ènìyàn bá kọ̀wé nípa àkáǹtì kan náà, ó ti di ológò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dákẹ́ nítorí ìtìjú, òun sì ń jẹ nínú ìdákẹ́jẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ mi kẹ́yìn, àwa àgbà ni mo ń bá sọ ọ́. Ọmọ ọmọ mi kò sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà, nítorí ó mọ èsì tí yóò gbà: eré lásánlàsàn, ìwọ aláìmoore, ṣé owó ilé ìwé nìyẹn? Nígbà tó fi máa jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀, owó náà ti kúrò nínú àkáǹtì tó gbà á. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé tiyín, ẹ jọ̀ọ́, báńkì tí owó ti jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì tó gba owó náà. Ẹ ní kí ọmọ má pa ohunkóhun rẹ́ lórí WhatsApp. Ìbáwí lè dúró di ọ̀la.